Ìgbì òòfà kọ́ o: gravity wave àti ihò inú plásímà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún èdè sáyẹ́ǹsì, ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pe gravity wave, ìyẹn ìgbì tó ń rú nínú afẹ́fẹ́, ní "ìgbì òòfà", ẹlòmíì ní kí plasma bubble, ìyẹn ibi tó ṣófo nínú plásímà (afẹ́fẹ́ tí oòrùn ti sọ di oníná) lókè lọ́hùn-ún, jẹ́ "bàlúùnù plásímà", wọ́n wá fi ṣe gbólóhùn àpẹẹrẹ báyìí pé "Ìgbì òòfà ló ń ṣokùnfà bàlúùnù plásímà lálẹ́." Ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tọ́ níbẹ̀ ni "lálẹ́".

Ẹ jẹ́ ká mú òòfà. Òòfà tí gbogbo wa mọ̀ ni irin tó ń fa irin, àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì ló wá fi "òòfà ilẹ̀" pe gravity, kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ionosphere yìí, apá òkè afẹ́fẹ́ tí plásímà wà, ti kún fún òòfà onírin fúnra ẹ̀, tórí àgbègbè agbedeméjì òòfà ayé ni plasma bubble yìí ti ń ṣẹlẹ̀, ìlà tó gba àríwá Nàìjíríà kọjá tó sì gba Peru lọ́hùn-ún. Tí a bá tún wá ní ìgbì òòfà, ta ló máa mọ èyí tí à ń wí? Gravitational wave sì tún wà nílẹ̀, èyí tí LIGO, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ irú ìgbì bẹ́ẹ̀, gbọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 látara ihò dúdú (black hole) méjì tó kọlura, ìyẹn ò bá afẹ́fẹ́ tan rárá. Òun ló ni "ìgbì òòfà", ẹ bá mi fún un.

Tiwa yìí, afẹ́fẹ́ ni. Òjò ńlá alárá á ti afẹ́fẹ́ sókè, ìwúwo ẹ̀ á dá a padà wálẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á tún tì í sókè, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì á máa gòkè lọ, bí afẹ́fẹ́ sì ṣe ń fúyẹ́ sí i lókè ni ìgbì ń tóbi sí i, àwọn míì máa ń dé 200 kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwúwo ló ń dá a padà, ìdí tí mo fi mú "ìgbì ìwúwo afẹ́fẹ́" nìyẹn. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀.

Bàlúùnù ńkọ́? Bàlúùnù ní awọ. Èyí ò ní awọ kankan, ṣe ni ibẹ̀ kàn ṣófo, plásímà inú ẹ̀ kéré jọjọ sí ti àyíká ẹ̀. Tí oòrùn bá ti wọ̀, plásímà ìsàlẹ̀ tètè máa ń pòórá, ti òkè ṣì ki, èyí tó wúwo á wá jókòó lórí èyí tó fúyẹ́, bí ìgbà téèyàn da omi lé epo pupa lórí, epo á wá ọ̀nà gòkè dandan. Ó lè gòkè kọjá 1000 kìlómítà, kò sì rí róbótó, ó máa ń gùn tẹ̀lé ìlà òòfà ayé láti àríwá sí gúúsù. "Ihò plásímà" ni mo pè é. Ẹni tí kì í fi àmì sọ́rọ̀ á kọ "iho", ẹlòmíì á kà á sí ìhó ọṣẹ, ìyẹn náà ò kúkú jìnnà sí bubble, ẹ̀rín pa mí.

"Ṣokùnfà" gan-an ló ká mi lára jù. Tó bá jẹ́ ìgbì ló ń ṣokùnfà ẹ̀, oṣù kẹfà sí ìkeje tí òjò ń rọ̀ tọ̀sán tòru nílẹ̀ wa ló yẹ kí ihò pọ̀ jù. Rárá o. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, oṣù kẹta sí ìkẹrin àti ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá ló máa ń pọ̀, nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ní orí méjèèjì ìlà òòfà àríwá sí gúúsù yẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí agbára iná tó wà lókè á wá gbé ìpele F, ibi tí plásímà ti pọ̀ jù nínú ionosphere, sókè kíákíá. Iná yẹn ló ń gbé e dé bèbè. Iṣẹ́ ìgbì ò ju kó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ìpele náà rí gbágungbàgun, ibi tó bá yọ sókè díẹ̀ ni ihò á ti bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ míì tiẹ̀ ń jiyàn pé nǹkan míì náà lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìgbì lè "ta á jí", ó tán.

Kì í ṣe àjèjì sí wa o. Àwọn onímọ̀ Booker àti Wells ti kọ̀wé nípa bí rédíò ṣe ń fọ́n ká lókè láti Huancayo ní Peru ní 1938, ní 1976 Woodman àti La Hoz fi rédà Jicamarca, ní Peru náà, hàn bí ihò ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n Ìbàdàn náà ti ń wo ojú ọ̀run láti àwọn ọdún 1950. Tí ionosonde, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ionosphere, bá ta rédíò sókè lọ́sàn-án, ìlà tín-ín-rín ni yóò yà sórí bébà. Lálẹ́ tí nǹkan bá dàrú, ìlà yẹn á fọ́n ká bí ẹni fi ọwọ́ nù ún. Spread-F ni wọ́n ń pe ìyẹn, "Ìfọ́nká F" ti tó fún un.

Ó wá ku scintillation. Tí ihò bá wà láàárín sátẹ́láìtì àti fóònù, àmì GPS á máa lágbára, á sì tún rẹ̀ ẹ́. Ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, GPS náà lè ṣẹ́jú, àmọ́ tí a bá sọ ọ́ di orúkọ, "ìṣẹ́jú" ló dé yẹn, àwọn òǹkàwé á rò pé aago là ń wò. "Ìṣẹ́júṣẹ́jú" ńkọ́? Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó mú un wá, kó ṣáà ti fi àmì sí i.