Ìdánilójú wo ni ó yẹ kí n gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta àmì-ẹ̀yẹ ogun Burma?

Ará Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀wọ́, ọkùnrin kan ní Dùgbẹ̀ fẹ́ ta Burma Star fún mi, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ onírísí ìràwọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó jagun ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ní ti bàbá bàbá òun ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti kọ ìwé ẹ̀rí sí i. Ṣé ìyẹn tó?

Bàbá Àgbà: Kò tó, nítorí ìwé tí olùtà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ gba rìsíìtì tí ó ṣàpèjúwe ọjà náà, tí ó sì ṣèlérí pé owó yín yóò padà láàárín àkókò tí ẹ jọ fohùn sí, bí onímọ̀ mìíràn bá ní ayédèrú ni.

Ìyá Bódìjà: Ẹ má jẹ́ kí àìsí orúkọ lára rẹ̀ dẹ́rù bà yín, torí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fín orúkọ sára ìràwọ̀ náà nígbà tí wọ́n ń pín in, bí ẹ bá tilẹ̀ rí orúkọ, ẹnikẹ́ni lè ti fín in sí i lẹ́yìn náà. Ìwé ìfẹ̀yìntì ológun tí ó ní nọ́ńbà iṣẹ́ ológun bàbá náà ni kí ẹ bèèrè.

Ará Mọ́kọ́lá: Ó ní ìwé náà ti jóná.

Bàbá Àgbà: Ẹ san owó irin nìkan nígbà náà, ẹ má san ti ìtàn.