Ṣé kí n ta dírìlì oníbátìrì yìí kí n padà sí oníwáyà ni?

Kápẹ́ńtà Àpáta: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi gan-an. Owó àjọ tí mo kó lóṣù tó kọjá ni mo fi ra dírìlì oníbátìrì, ẹni tó tà á fún mi ní 88 volt ni, ó ní tí mo bá ṣájì ẹ̀ láàárọ̀ ó di alẹ́. Irọ́ gbáà! Sukúrù bíi 20 péré, ó ti kú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jókòó wọ́n ń wò mí lójú, ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ó ní ṣé bí a ṣe máa ṣe é dọdún nìyí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi títí di ìsinsìnyí. Oníwáyà tí ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, ọdún méje la fi lò ó, kò kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Kábọ́ọ̀dù: Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n. Pákó wo ni? Sukúrù ínǹṣì mélòó? Oníbátìrì 18 volt ni tèmi, bátìrì méjì, bí ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ lèkejì ń gba iná. Ṣùgbọ́n MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi ṣe, ni mo ń dè o, sukúrù ínǹṣì kan ààbọ̀.

Ọmọ Òṣogbo: 88 volt kọ́ jàre. Gbogbo irú ẹ̀ tí wọ́n gbé wá fún mi tún ṣe, sẹ́ẹ̀lì márùn-ún, ìyẹn bátìrì kéékèèké, ni mò ń bá nínú ẹ̀. Ọ̀kan 3.6 volt, ẹ ṣírò ẹ̀, 18 ni, tó bá kún dẹ́nu 21. Ah tó wà lára ẹ̀, ìyẹn bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó, ni kẹ́ ẹ wò.

Bàbá Onísílíìnì: Oníwáyà tẹ́ ẹ̀ ń yìn yẹn, òun ló lọ́ ọrùn-ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ mi lọ́dún tó kọjá. Kò ní òrùka onínọ́ńbà tó ń jẹ́ kó já ara ẹ̀ sílẹ̀ tí sukúrù bá ti wọlé tán. Orí sukúrù á fọ́, ọwọ́ á yí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọmọ yẹn ò lè gbé hámà.

Wáyàmẹ́n: Iná wo lẹ fẹ́ fi lo oníwáyà gan-an? Ilé tí wọn ò tíì fa iná sí! Jẹ́n á máa pariwo látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ra epo.

Ọlọ́kọ̀ Pákó: Ẹ̀yin náà ẹ sọ iye tí bátìrì tuntun ń jẹ. Tó bá kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó dírìlì fúnra ẹ̀. Ẹni tó ra oníwáyà ti ra á tán.

Wáyàmẹ́n: Tán bawo? Epo ńkọ́?

Kápẹ́ńtà Àpáta: Ẹ má jà. Ìyá Kábọ́ọ̀dù, fírémù ilẹ̀kùn ni, pákó igi apá tó le, sukúrù ínǹṣì mẹ́ta. A kì í luhò tẹ́lẹ̀, ọ̀gá mi ò luhò rí, tààrà la máa ń de sukúrù wọlé.

Ìyá Kábọ́ọ̀dù: Há! Apá! Láìluhò! Ẹ̀gbọ́n, kí ni bátìrì kékeré yẹn fẹ́ ṣe? Nọ́ńbà ìyára tó wà lórí ẹ̀ ńkọ́, 1 ni àbí 2?

Kápẹ́ńtà Àpáta: 2 ni, torí ó ń yára. Mi ò yí i rí látọjọ́ tí mo ti rà á.

Ọmọ Òṣogbo: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà! 2 wà fún lílu ihò, ó yára ṣùgbọ́n kò lágbára. Sukúrù gígùn, 1 ni. Tó bá wà ní 2 tí pákó bá dì í mú, mọ́tò á máa fa iná láìyí, á sì gbóná.

Kápẹ́ńtà Àpáta: Ó ń gbóná lóòótọ́, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Bó ṣe gbóná yẹn náà la sì ń kì í bọ ṣájà, torí a ò fẹ́ kí jẹ́n jó epo lásán.

Ìyá Kábọ́ọ̀dù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ooru ló ń pa bátìrì lithium bí irú èyí. Ẹ luhò, ẹ fi ọṣẹ pa ẹsẹ̀ sukúrù, ẹ gbé e sí 1.

Bàbá Onísílíìnì: Ẹ yá oníwáyà fún ihò, kí oníbátìrì máa de sukúrù. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn.

Kápẹ́ńtà Àpáta: Mo ti gbìyànjú ẹ̀ o. Sukúrù 34, iná ara bátìrì ṣì ku méjì! Bíìtì mélòó ni kí n fi luhò fún sukúrù nọ́ńbà 10?

Ìyá Kábọ́ọ̀dù: 3.5mm fún apá. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù.