Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè rí ojúlówó ẹ̀rí ọlọ́pàá lórí ikú Kennedy?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ gbà mí o. Mò ń ṣe projẹ́ẹ̀tì lórí bí wọ́n ṣe yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy ní Dallas lọ́dún 1963, ìbọn Carcano tí ọlọ́pàá rí ní àjà kẹfà ilé ìkówèépamọ́ tí wọ́n ti yìnbọn náà àti èèpo ọta mẹ́ta, mo mọ̀ pé National Archives (ilé ìpamọ́ ìwé àti ẹ̀rí ìjọba Amẹ́ríkà, ní Maryland) ló kó wọn sọ́wọ́ báyìí, àmọ́ fáìlì ọlọ́pàá Dallas gan-an ṣì wà lọ́wọ́ ìlú Dallas, fọ́tò ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò ti sú mi jàre! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas tàbí Maryland, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn lásán fojú kan ojúlówó? Ta ni mo máa kọ lẹ́tà sí?