Kọ̀ǹpútà wo ló yẹ fún tẹlifíṣọ̀n 4K?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Tẹlifíṣọ̀n 4K àti receiver 5.1 (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sí spíkà mẹ́fà) ti wà nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tí yóò máa lo Kodi (ètò tó ń gbé fídíò àti orin jáde) ló kù. Inverter la fi ń lo iná jù, ó ṣe pàtàkì kí ó má jẹ iná.

Mo ti wo mẹ́ta. Tòkunbọ̀ tó ń lo Intel i5-6500T kò wọ́n, ṣùgbọ́n HEVC (ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò kí ó má tóbi) 8-bit nìkan ni graphics rẹ̀ lè dá tú tán. Tó bá di 10-bit (fídíò tí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti 8-bit lọ), ọrùn CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń bọ́ sí: fáànù á máa pariwo, àwòrán á sì máa já. HDMI 1.4 rẹ̀ kò tún kọjá 30Hz (àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ní 4K. Raspberry Pi 5 ń tú HEVC dáadáa, àmọ́ kò ní ohun tó ń tú AV1 (ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò mìíràn). Intel N100 ń tú méjèèjì, TDP rẹ̀ (ìwọ̀n ooru tó ń fi bí ó ṣe ń jẹ iná hàn) kò ju wáàtì 6 lọ. Òun ni ọkàn mi fà sí.

Ìbéèrè mi: lórí N100, ṣé LibreELEC (ètò Linux kékeré tí wọ́n ṣe fún Kodi) lè gbé Dolby TrueHD (ohùn tí ìfúnpọ̀ kò ba dídára rẹ̀ jẹ́) gba HDMI dé receiver láìdáwọ́ dúró, àbí Windows ló dára jù?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú, ẹ ṣeun gan-an.