Aṣọ ẹbí 60: kí n pa á láró ni, àbí kí n tẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀yin ìyá aláró, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà mi fẹ́ àdìrẹ fún aṣọ ẹbí ènìyàn 60, ó ní kí àwọ̀ gbogbo wọn dọ́gba. Mo ti fi iyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ 4, mo rì wọ́n bọ aró lẹ́ẹ̀mẹfà. Bó ṣe ń jáde ní àwọ̀ ewé, tí atẹ́gùn ń sọ ọ́ di búlúù, ó wù mí gan-an, àmọ́ ọ̀kan ṣì dúdú ju èkejì lọ.

Mo tún fi férémù tí wọ́n fi ń tẹ ọnà sára aṣọ tẹ òmíràn: àwọ̀ dọ́gba, ó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aṣọ funfun, ojú rẹ̀ sì le.

Ọgbọ́n wo lẹ ń dá tí aró aṣọ púpọ̀ fi ń dọ́gba? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.