Preamp onítúùbù gbé básì mi lọ, ẹ gbà mí

Ajíṣafẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Owó gidi ni mo fi ra preamp yìí, ẹ̀rọ tó ń gba orin kó tó dé ọ̀dọ̀ amp tó ń gbé sípíkà, àmọ́ látìgbà tó ti dé, básì ò dún mọ́. Fújì wá ń dún bíi rédíò inú ọkọ̀ akérò. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mọ́. Àna mi wá kí wa, ó ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, ìyàwó mi náà bá a rẹ́rìn-ín! Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Wáyà ni. Ayédèrú ló kún ọjà. Tèmi já nínú níbi ìkómọ, ojú tì mí lọ́jọ́ náà.

Bàbá Ìbejì: Ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) mélòó ni output preamp, ẹnu tí orin ń gbà jáde? Input amp, ẹnu tó ń gbà wọlé, ńkọ́? O ò sọ nǹkan kan.

Ajíṣafẹ́: Wáyà mi kì í ṣe ayédèrú o, Jámánì ni wọ́n ti bá mi rà á. Preamp 1,000, amp 10,000.

Dáúdà Ẹ̀rọ: Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn! Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. 600 sí 600 ni wọ́n kọ́ wa.

Bàbá Ìbejì: Ọ̀gá Dáúdà, ti wáyà tẹlifóònù ayé ọjọ́un nìyẹn. Bí wọ́n bá dọ́gba, ìdajì fóltéèjì ti ṣòfò. Kí ti amp tó ìlọ́po mẹ́wàá ti preamp, ó kéré tán. Tirẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀.

Dáúdà Ẹ̀rọ: Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Amp tèmi ò jóná rí.

Ìyá Tóbi: Àbúrò, bóyá o gbé pupa sójú dúdú lára sípíkà kan. Ìyẹn náà máa ń pa básì.

Ajíṣafẹ́: Mo ti wò ó mà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dáa.

Bàbá Ìbejì: Mẹ́fà kẹ̀? Amp mélòó ló ń gbé wọn?

Ajíṣafẹ́: Mẹ́ta. Pálọ̀, yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi wáyà pín output kan náà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe preamp ti tẹ́lẹ̀, kò yọ mí lẹ́nu.

Bàbá Ìbejì: Ó parí! 10,000 mẹ́ta tó o so pọ̀ yẹn, bíi 3,300 ni preamp ń rí. Wo àwòrán inú ìwé rẹ̀: capacitor ẹnu output, ẹ̀yà kékeré tó ń dín ohùn tó rẹlẹ̀ kù bí ohm tí preamp ń rí bá kéré, ńkọ́? Má ṣí i o, iná inú túùbù lè pani bó o tilẹ̀ ti yọ pílọ́ọ̀gì.

Ajíṣafẹ́: 0.47 µF.

Bàbá Ìbejì: Tó bá jẹ́ amp kan, bíi 31 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe ń rẹlẹ̀ tó) ni básì á ti máa dín kù. Mẹ́ta ti gbé e dé bíi 78. Okùn tó rẹlẹ̀ jù lára gìtá básì, 41 Hz ni. Bí ìdajì rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ amp.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Kó lo link ẹ̀yìn amp, ihò tó ń gbé orin láti amp kan sí èkejì, ńkọ́?

Bàbá Ìbejì: Ọ̀kan náà ni, link náà ń so wọ́n pọ̀ ni. Kó fi buffer sáàárín, ẹ̀rọ kékeré tí kò ní jẹ́ kí amp mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹrù lé preamp lórí, àbí kó yọ méjì.

Ajíṣafẹ́: Mo ti yọ méjì, básì ti dé. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò máa ń jókòó sí, n ò lè fi í sílẹ̀ láìsí orin. Èló ni buffer?

Dáúdà Ẹ̀rọ: Mo ní ọ̀kan. Wá sí inbox.