"Orísun" tàbí "ìdí iṣẹ́"? Èsì mi lórí ìbàyíkájẹ́

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí i yín o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, kí la ó máa pe iṣẹ́ tí àwọn àjọ ìjọba kan ń ṣe, tí wọ́n ń lọ bá oníléeṣẹ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ níbi iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń fi ọ̀nà hàn wọ́n kí ohun tó ń ba ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ jẹ́ má tilẹ̀ jáde lọ́dọ̀ wọn, tàbí kó jáde níwọ̀nba? Alàgbà tó kọ̀wé láti Ìlọrin ní ká pè é ní "ìdènà ìbàyíkájẹ́ láti orísun". Àbúrò wa ní Kàdúná ní "ìdènà ìdọ̀tí" ti tó. Ìwé pélébé tí a fẹ́ pín fún àwọn mẹkáníìkì wa ní Apo, ní Àbújá níbí, ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni wọ́n gbé ìtumọ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́, n kò sì lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "ìdọ̀tí". Kò lè ṣe é. Ohun tí ojú rí, tí ìgbálẹ̀ lè gbá, ni Yorùbá ń pè ní ìdọ̀tí. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010. Àwọn tó ń wa góòlù gbé òkúta wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé, òjé, tó jẹ́ májèlé, sì pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sórí ilẹ̀ tí ọmọdé ń rá kòrò lórí rẹ̀, ó bà sínú oúnjẹ. Ó lé ní 400 ọmọ tó bá a lọ. Kò sí ìyá kan níbẹ̀ tó máa pe eruku góòlù ní ìdọ̀tí, nítorí òun náà ni wọ́n fi ń jẹun. Ilé tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní pàápàá, òjé wà nílẹ̀ ibẹ̀. Nítorí náà, "ìbàyíkájẹ́" tí alàgbà mú wá ni mo fara mọ́: iṣẹ́ ibi tí nǹkan náà ń ṣe ló sọ, kò sọ bó ṣe rí lójú.

"Ìdènà" ni mi ò fara mọ́. Ẹni tó bá dènà de nǹkan, nǹkan ọ̀hún ti gbéra, ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ wo àwọn ilé-iṣẹ́ aláwọ ní Challawa, ní Kánò. Kírómù, kẹ́míkà kan, ni wọ́n ń lò kí awọ tútù má baà jẹrà. Awọ kì í mu gbogbo kírómù tí wọ́n bá pò sómi. Èyí tó ṣẹ́kù á bá omi jáde. A lè kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa sẹ́ omi yẹn sí ẹnu gọ́tà kó tó dé odò. Ìyẹn, ẹ pè é ní ìdènà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n aláwọ tún lè yí bó ṣe ń po omi rẹ̀ padà kí awọ lè mu kírómù sí i, kó sì tún fi omi tó kù ṣe awọ mìíràn. Èyí gan-an là ń wá orúkọ fún. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1990 to ọ̀rọ̀ náà tẹ̀léra wọn: ká kọ́kọ́ dá a dúró tàbí ká dín in kù níbi tó ti ń ṣẹ̀, èyí tí kò bá ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ká tún un lò, èyí tí kò ṣeé tún lò, ká pa oró inú rẹ̀, dídànù ló gbẹ̀yìn pátápátá. "Dín kù" wà lára ohun tí òfin ọ̀hún fi síwájú, òun sì ni mo fẹ́ ká lò, torí òótọ́ ló ń sọ. Mẹkáníìkì tí a bá kọ "ìdènà" síwájú rẹ̀ ń wo kọ́ńdẹ̀mù ọ́ìlì tó ń jò lábẹ́ mọ́tò, ó sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè dènà rẹ̀. Á ní irọ́ ni ìwé yìí ń pa.

Ó wá ku "orísun". Mo ka orúkọ tí alàgbà Ìlọrin mú wá yẹn sí etí ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Apo, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wò mí, ó ní, "Orísun omi wo nìyẹn, ẹ̀gbọ́n? A ò mà ní odò níbí." Mo yí ọ̀rọ̀ padà, mo ní, "Nídìí iṣẹ́ yín níbí, ibo ni nǹkan ti ń ṣòfò?" Ẹnu rẹ̀ là. Ó ní tí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì àkọ́kọ́ máa ń fò kọjá ẹnu kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé sí méjì, orí yanrìn ló ń bọ́ sí kó tó rọ̀. Tí ohun tí wọ́n gbé sábẹ́ bá fẹ̀, ilẹ̀ ò ní tutù. Ó tún nawọ́ sí ọmọ iṣẹ́ kan tó ń fi bẹtiróòlù fọ páàtì, tó ń da abọ́ nù, tó tún ń bu tuntun. Ó ní abọ́ méjì ló yẹ kó ní, kó fi èyí tó ti dúdú ṣí girísì kúrò, kó wá fi èyí tó mọ́ ṣan án, bẹtiróòlù kékeré á sì fọ páàtì púpọ̀. Ohun tí àwọn àjọ yẹn ń kọ́ ènìyàn kò ju èyí lọ.

Ìdí igi ni ibi tí igi ti yọ. Ìdí ọ̀rọ̀ ni ohun tó fà á. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe é lọ́wọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo nílò. "Ìdínkù ìbàyíkájẹ́ nídìí iṣẹ́" ni mo fi sílẹ̀ fún ìjíròrò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ọ̀dà olóró tí oníkùn mọ́tò rà lọ́jà ti burú kó tó dé ìdí iṣẹ́. Ó tọ́. Ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ ló ti ń pinnu èyí tó máa rà.

Ó ku ohun tí a ó pe àjọ náà àti àwọn tó bá rán wá. Lẹ́yìn tí wọ́n kó pàǹtí olóró láti Ítálì wá sí Koko, ìlú èbúté kan ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní, ni ìjọba wa dá FEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀ lọ́dún 1988, àjọ NESREA sì gba ipò rẹ̀ lọ́dún 2007. Síbẹ̀, tí oníṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá bá gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀ wá wo àyíká, wolé-wolé ló ń sọ sí i lọ́kàn, á sì kó ohun tó yẹ kó fi hàn pamọ́. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, òfin 1989 ya ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń fìyà jẹ arúfin. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn rẹ̀, àṣírí oníṣẹ́ sì pamọ́ síbẹ̀. Torí náà, mi ò fẹ́ "àyẹ̀wò" nínú ìwé wa rárá. "Ìrànlọ́wọ́" náà ò dáa, torí wọ́n á máa retí ìrẹsì àti owó. "Ìtọ́sọ́nà" ni mo kọ, "atọ́nisọ́nà nídìí iṣẹ́" sì ni ẹni tí wọ́n bá rán wá.

Ẹ sọ tiyín kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánò, ẹ bá mi bi àwọn Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ awọ léèrè, kí ni wọ́n ń pe omi tó kù lẹ́yìn tí awọ bá ti mu kírómù tán? Orúkọ tí wọ́n bá ń pè é ni mo fẹ́ lò nínú ìwé tó kàn.